Bàbá Àgbà Tó Fẹjọ́ Ọmọ Rẹ̀ Sùn

Nígbà tí a sin bàbá tó bí bàbá mi tán, àwọn èèyàn tó wá kí wa nílé Bàbá Àgbà ní Longsight, ní Manchester, ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹlòmíràn ló kú. Wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n ní ọlọ́yàyà ni. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí Bàbá Àgbà ti lé jáde kúrò nínú pálọ̀ yẹn gan-an rí, torí pé ó ń mi ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Òun náà ló ń mi orí báyìí, tó ní a ò lè rí irú wọn mọ́ láyé. Mo gbé tíì lé e lọ́wọ́, mo padà sí kíṣíìnì, mo sì sọ fún Mọ́mì pé bí ẹnikẹ́ni bá tún pe Bàbá Àgbà ní ọlọ́yàyà létí mi, màá pariwo. Mọ́mì ní kí n panu mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i tó fi etí ìborùn bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ ti èmi sílẹ̀. Mi ò fẹ́ràn bàbá àgbà mi. Mo bẹ̀rù wọn ní kékeré, mo kórìíra wọn nígbà tí mo bàlágà, nígbà tí mo wá di ẹni ọdún méjìlélógún, èmi ni mò ń wa mọ́tò gbé wọn kiri Manchester, torí pé orúnkún wọn ti bàjẹ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè fara dà á láti bá wọn jókòó sínú mọ́tò kan náà. Ẹ má wò ó pé “wọn” ni mò ń pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Kì í ṣe ìfẹ́.

Ọmọ Ìbàdàn ni Bàbá Àgbà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ké tí ooru ti ń bó èèyàn lára. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun sílẹ̀, wọ́n rí iṣẹ́ fítà, àtúnṣe ẹ̀rọ, ní èbúté Salford, wọ́n sì ṣe é títí èbúté náà fi kógbá wọlé níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tún ṣe mọ́. Wọ́n wá sọ àwa ará ilé di ẹ̀rọ.

Wọ́n á wọ kíṣíìnì, wọ́n á fi etí lé fíríìjì. Wọ́n á fi ìka nu abẹ́ ẹ̀rọ omi, wọ́n á wo ìka náà, wọ́n á wo Mọ́mì. Mọ́mì kò lè da epo sínú ìkòkò kí wọ́n má bi í pé kí ló ń ta pàrà báyẹn. Nígbà tí èsì ìdánwò mi jáde, tí mo yege nínú iṣẹ́ mẹ́jọ tí mo sì fìdí rẹmi nínú ẹyọ kan, inú mi ń dùn, mo sáré mú ìwé náà lọ bá wọn. Wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé bí ẹni tó ń wá ibi tí irin ti sán. Wọn ò wo mẹ́jọ yẹn rárá. Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n fi ìka tẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ tiẹ̀ wo àwọn tó dáa náà.” Wọ́n dá ìwé náà padà fún mi. “Èyí tó dáa ò nílò mi,” wọ́n ní. “Ibi tó ń jò ni kí o máa mú wá.”

Wọn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń ṣe ògbufọ̀ wọn lọ́dọ̀ dókítà, ní pósófíìsì, lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń wá wo mítà gáàsì. Mo gbà pé wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni, ìyẹn sì ni ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí n ṣàánú wọn. Lọ́jọ́ kan, dókítà kan rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá yìí lágídí o, bí ó bá ń bá a lọ báyìí, ẹsẹ̀ náà máa kú mọ́ ọn lára. Mo fò ó, mo ní dókítà ní kí wọ́n máa lo oògùn wọn. A jáde, a dúró de bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Stockport Road, òjò ń sẹ̀. Wọn ò wojú mi. Wọ́n kàn ní, “O gbé ọ̀rọ̀ kan mì lọ́hùn-ún, Ràmọ́tà. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Ní ti ìjà, ti Desmond ló gbajúmọ̀ jù. Ọmọ Jamaica ni Desmond, ilé rẹ̀ ló kan ti Bàbá Àgbà. Igi ọgbà rẹ̀ ń yọrí sí ọ̀dọ̀ wa. Bàbá Àgbà ní kó gé e, Desmond ní òun máa gé e, kò gé e. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọn ò fi kí ara wọn. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Àgbà á dúró, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á sì jẹ́ kí ọkùnrin náà kọjá bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, Desmond yìí ló bá Dádì wá iṣẹ́.

Dádì mi, Táófíkì, ọmọ wọn kan ṣoṣo, mẹ́káníìkì mọ́tò ni. Gáréèjì tó ti ń ṣiṣẹ́ kógbá wọlé, ó sì jókòó sílé fún ọdún kan àtààbọ̀. Inú ilé Bàbá Àgbà ni gbogbo wa ń gbé nígbà náà, ẹ sì lè ronú ohun tí ojú Dádì rí. Desmond ló ń wa ọkọ̀ omi kan tó máa ń gbé àwọn arúgbó àti àwọn tó ń ṣe àbẹ̀wò káàkiri ní Salford. Kevin ni orúkọ òyìnbó tó ni ọkọ̀ náà, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa bá òun tọ́jú ẹ́ńjìnnì. Desmond dárúkọ Dádì. Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà bọ́ sí i, Mọ́mì jó nínú kíṣíìnì. Bàbá Àgbà gbójú sókè láti orí oúnjẹ wọn. “Mọ́tò lo mọ̀,” wọ́n ní. “Omi yàtọ̀.”

Kò ju oṣù mẹ́jọ lọ tí sítíárìn ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ọkọ̀ náà tóbi, ọwọ́ lásán kò lè yí i. Pọ́ọ̀mpù kan tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń ti epo gba inú rọ́bà gígùn lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Epo náà á ti ọ̀pá irin kan tó ń wọlé tó ń jáde, ọ̀pá náà á sì yí ìtọ́kọ̀ lábẹ́ omi. Bí epo bá ti dín, afẹ́fẹ́ á wọ ibẹ̀, sítíárìn á le, nígbà mìíràn kò tiẹ̀ ní dáhùn. Epo ọkọ̀ yìí sì ń dín lójoojúmọ́. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti ń bá a nílẹ̀, torí náà Dádì pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì. Epo ṣì ń lọ. Ní ọjọ́rú kan, Desmond yí sítíárìn níbi tí omi ti ṣẹ́ kọ́nà, ọkọ̀ kò yí, ó forí sọ ògiri òkúta. Ìyá arúgbó kan ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dá.

Kevin ní Desmond ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Ó ní kó wá gba ìwé ìdádúró ní ọjọ́ Ajé.

Èmi ni mo wà nílé pẹ̀lú Bàbá Àgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí Desmond kanlẹ̀kùn. Bàbá Àgbà fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Desmond bọ́ fìlà.

“Wọ́n ní ojú mi ni,” ó ní. “Kì í ṣe ojú mi. Mo yí i, kò yí. Mo mọ̀ pé ẹ mọ irú nǹkan yìí.”

Bàbá Àgbà kọjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ni wọ́n wá bá sọ̀rọ̀. “Bi í pé ṣé ó kọ́kọ́ ń kùn kó tó le, àbí ó kàn le lójijì.”

Mo bi í. Desmond ní ó ń kùn bí màlúù, ó sì ti ń kùn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì.

“Afẹ́fẹ́ ló ń mu,” Bàbá Àgbà sọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, mo bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mi nínú aṣọ iṣẹ́ búlúù wọn, èyí tí mi ò tíì rí lára wọn láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé àpótí sípánà lé ẹsẹ̀. Lójú ọ̀nà, mo ní, “Bàbá, ẹ mọ̀ pé Dádì ló ń tọ́jú ọkọ̀ yẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣé kí a yà lọ pè é? Ó kàn lọ ra nǹkan ní Longsight Market ni.”

“Wa mọ́tò.”

Nígbà tí a débẹ̀, Kevin ti tún bu epo kún sítíárìn ọkọ̀ náà, ó sì ń retí bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó àwọn arúgbó bọ̀ láti ibùdó ìtọ́jú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Desmond dúró sétí omi bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé. Bàbá Àgbà kò kí ẹnì kankan. Wọ́n wọnú ọkọ̀, wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ yọ, wọ́n sì fi í sápò.

Kevin pariwo. Mo túmọ̀ ohun tí mo lè túmọ̀. Bàbá Àgbà ní kí n sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ kọ́kọ́rọ́, kó wá mú un lápò àwọn. Kevin wo apá wọn, kò wá. Ó kàn ní òun fún wọn ní wákàtí kan.

Èmi ni mo nà gbalaja sínú ọkọ̀, torí orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè lóṣòó. Wọ́n ní kí n fi àkísà nu gbogbo nǹkan títí á fi gbẹ: pọ́ọ̀mpù, rọ́bà, ojú irin, dé ẹ̀yìn pátápátá. Mo ní abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni epo wà. Wọ́n ní, “Ibẹ̀ ló sùn sí. Ibo ló ti jáde nílé?” A tẹ́ pépà funfun sábẹ́ rọ́bà náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní kí Desmond máa yí sítíárìn tán sọ́tùn-ún, tán sósì. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ wá ibi tó ń jò, torí epo tí pọ́ọ̀mpù ń ti lè gún awọ wọlé, páálí ni kí n nà síbẹ̀. Mo fi tọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé pépà náà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì gbẹ. Àárín gbẹ. Lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ọ̀pá irin yẹn ti ń yọ jáde, pépà ti rẹ. Epo ń ṣẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀pá náà, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ṣàn lọ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tí ilẹ̀ ọkọ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Rọ́bà tí Dádì pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò ní ẹ̀bi kankan.

Wọ́n tú ẹnu ọ̀pá náà. Òrùka rọ́bà kékeré tó yẹ kó dí epo mọ́nú ti wú, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Bàbá Àgbà fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó fọ́. Wọ́n bu epo díẹ̀ láti inú táńkì sítíárìn, wọ́n fi ìka pa á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní kí n bu omi sínú ife tó mọ́, wọ́n sì kán epo náà sí i. Èyí tó pupa léfòó. Èkejì wọnú omi, ó sì pòórá.

“Epo kì í wọnú omi,” wọ́n ní. “Epo bíréèkì ni wọ́n dà sí i. Òun ló jẹ rọ́bà.”

Ìwé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n so kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀ á kọ ọ́ síbẹ̀. Bàbá Àgbà ṣí i. Mo mọ ìkọ̀wé náà kí n tó kà á. Dádì ló kọ ọ́ pé òun bu epo kún sítíárìn, oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tí ọkọ̀ náà forí sọ ògiri. Agolo epo bíréèkì tó ti tán ṣì wà lẹ́yìn bátìrì.

Àwọn arúgbó ti dé. Wọ́n wà nínú bọ́ọ̀sì wọn, wọ́n ń gbá gíláàsì. Kevin yọjú, ó ní wákàtí kan ti pé, kí ni bàbá yìí rí?

Bàbá Àgbà ní, “Sọ fún un pé ojú Desmond kò ṣe nǹkan kan. Sọ fún un pé ọmọ mi ló bà á jẹ́.”

Mo ro ọdún kan àtààbọ̀ yẹn. Mo ro Mọ́mì nínú kíṣíìnì. Mo kọjú sí Kevin, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé bàbá ní epo tí kò yẹ ló wà nínú rẹ̀, pé bóyá bí wọ́n ṣe tà á fún wọn nìyẹn.

Bàbá Àgbà fi ọwọ́ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n sì la ẹnu, Gẹ̀ẹ́sì sì jáde, Gẹ̀ẹ́sì àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Salford tó dán mọ́rán, bí ẹni tí kò sọ èdè mìíràn rí. “Ọmọ mi, Táófíkì, ló da epo bíréèkì sí i,” wọ́n sọ fún Kevin. “Ìkọ̀wé rẹ̀ nìyí. Má fi ọwọ́ kan iṣẹ́ ọkùnrin yìí.”

Kevin tẹ Dádì láago. Àwọn arúgbó padà sílé pẹ̀lú ìbínú. Ìyá kan ṣí fèrèsé bọ́ọ̀sì, ó sì bú Bàbá Àgbà ní èébú tí mi ò rò pé ẹni ọjọ́ orí rẹ̀ mọ̀. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n rán Kevin lọ ra òrùka rọ́bà tuntun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo epo inú rọ́bà àti táńkì jáde.

Ibẹ̀ ni Dádì bá wọn, tí wọ́n jókòó nídìí ọ̀pá náà, tí epo kún ọwọ́ wọn dé ìgúnpá. Ó dúró létí omi. “Bàbá,” ó ní, “ẹ ò tiẹ̀ lè pè mí? Kí ẹ kọ́kọ́ pè mí?”

Bàbá Àgbà kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. “Sípánà yẹn.”

Dádì yí padà, ó lọ. Mo fún wọn ní sípánà náà. Ìyẹn wà lára ohun tí mi ò tíì dárí ji ara mi.

Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. A fi epo tuntun ṣan inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a dà á nù, a tún bu òmíràn. Mo jókòó nídìí sítíárìn, mò ń yí i tán sọ́tùn-ún tán sósì, jẹ́jẹ́, nígbà tí Bàbá Àgbà ń wo inú táńkì tí ìfófòó ń yọ, títí ìfófòó náà fi tán, tí sítíárìn kò sì kùn mọ́. Desmond wa ọkọ̀ náà yíká, ìka kan ṣoṣo ló fi ń yí i. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, omi wà lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Bàbá Àgbà, ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa dúpẹ́. Bàbá Àgbà ń nu sípánà wọn. Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi dá a lóhùn: “Igi ọgbà rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mi.”

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Dádì. Kó tó di pé oṣù náà parí, òun àti Mọ́mì ti kó lọ sí ilé kékeré kan ní Oldham, èmi náà gba yàrá sí Fallowfield. Dádì kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, kódà ní ọjọ́ Iléyá. Èmi náà kò yọjú fún oṣù márùn-ún. Ìgbà tí mo gbọ́ pé wọ́n fi ẹsẹ̀ yẹn rìn láti Longsight dé mọ́ṣáláṣí ni mo padà lọ, tí mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn. A máa ń lọ, a máa ń bọ̀, a kì í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, iná ojú títì dá wa dúró, ó ti sú mi, mo sì bi wọ́n tìbínú-tìbínú. Mo ní Dádì kò ní kí ẹ parọ́. Mo ní ohun tó bi yín ni pé kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ pe òun nìkan. Ṣé ó pọ̀ jù fún bàbá láti ṣe fún ọmọ?

Iná ti di àwọ̀ ewé kí wọ́n tó dáhùn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń fọn fèrè.

“Bí mo bá pè é, á bẹ̀ mí,” wọ́n ní. “Mi ò sì mọ̀ bóyá màá lè kọ̀.”

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà, mi ò sì tíì mọ̀ ọ́n di òní. Kò dá iṣẹ́ padà fún Dádì.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà, Bàbá Àgbà kú lójú oorun. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n bi wá pé ta ni yóò wẹ òkú. Mo rò pé wọ́n máa wá ẹlòmíràn. Dádì ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó wọlé lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé lèmọ́mù rán ènìyàn lọ wò ó.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn tó ń pe Bàbá Àgbà ní ọlọ́yàyà ń jẹun lọ́wọ́, mo bá Dádì lẹ́yìnkùlé. Mo ní, “Dádì, ṣé ẹ ti dárí jì wọ́n ni?”

“Mo mọ̀, Ràmọ́tà,” ó ní. “Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn forí sọ ògiri ni mo ti mọ̀ pé epo tí mo dà sí i ni. Epo sítíárìn ti tán, Kevin ń kánjú, mo ní epo ni epo. Mò ń wo Desmond tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn án, ẹni tó bá mi wá iṣẹ́, mi ò sì lè la ẹnu. Bàbá mi wo inú mi, wọ́n rí i, wọ́n sì kà á síta fún gbogbo ayé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dárí ìyẹn jì wọ́n?”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi wẹ̀ wọ́n?”

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó fi wẹ òkú.

“Ẹlòmíràn ò ní ṣe é kó mọ́ tó bí wọ́n ṣe fẹ́,” ó ní. “Ó dà bíi pé wọ́n ṣì ń nu sípánà wọn, epo dúdú kún abẹ́ èékánná wọn. Mo yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò dárí jì wọ́n. Mo kàn yọ ọ́ títí ó fi tán.”